Orí Karùn-ún: Gbígba Ilé àti Gbígbé Inú Rẹ̀ ní Sùúrùlérè

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àdúgbò náà là á sì wò kí a tó san owó ilé. Àwọn tí ń wá ilé ní Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, a máa fi gbogbo ojú wọn wo ọ̀dà, táìlì àti fèrèsé, wọn a ka yàrá, wọn a wọn pálọ̀, wọn a sì gbàgbé pé ní àdúgbò tí èrò ti ń wọ́ tìrítìrí, owó ilé tí ènìyàn ń san ju owó ògiri lọ: omi tí yóò máa mu wà nínú rẹ̀, iná tí yóò máa tàn wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí yóò máa gbà àti ariwo tí yóò máa gbọ́ kò gbẹ́yìn, àwọn ènìyàn tí yóò sì máa bá pàdé lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ lálẹ́ ni wọ́n wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Ògiri tó sán ṣe é rẹ́, ọ̀dà tó bó ṣe é kùn, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí kò gba ti ẹni, kò sí bíríkìlà tó lè tún un mọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka orí ìwé yìí máa wo ènìyàn mọ́ ilé bí ó ti ń wá ilé kiri.

Sùúrùlérè ni mo yàn láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè gba orí afárá Èkó dé ibẹ̀, ẹni tí ọjà rẹ̀ wà ní Yábàá kò ní ìrìn púpọ̀ láti rìn, òwò kì í sì í tán ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà àti Bọ̀dé Thomas láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ojúẹlẹ́gba, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ojúbọ Ẹlẹ́gbára, jẹ́ ìkóríta tí kì í sùn. Lawanson, Ìtirẹ́, Àgùdà àti Ìjẹ̀ṣà náà kún fọ́fọ́ fún oníṣọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́, òṣèré àti ọlọ́jà. Ẹni tí ń wá ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ibi tí ìlú ti ń mí, tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lóru kí ó sì bá ẹni tí ń ta sùúyà lójú pópó, yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìtàn bí àdúgbò náà ṣe gbòòrò kọ́ni ní ohun tí kò yẹ kí ayálégbé kankan gbàgbé. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ni ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú náà ṣe, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Nígbà tí ó sì di 1955, àjọ náà dáwọ́ lé wíwó àwọn agboolé tó há mọ́ra ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì kó púpọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn bá ètò náà lọ sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè, kí wọ́n máa san owó ilé níbẹ̀. Ilé tí ó lójú ni, afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Peter Marris ti fi hàn nínú ìwé tí ó kọ lórí ìṣílọ náà, tí ó jáde ní 1961, ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn kò balẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìyá oníṣòwò tí ń tajà lójúde ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà, àgbàlagbà tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń yà kí nígbàkúùgbà di ẹni tí ń dá jókòó, owó ọkọ̀ sì ń gba ohun tó yẹ kí wọ́n fi jẹun. Ilé dára, ènìyàn kò sí nínú rẹ̀. Ìran kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó gbà kí àwọn tí a kó lọ síbẹ̀ àti àwọn tí wọ́n fúnra wọn wá tó hun ara wọn pọ̀ di Sùúrùlérè tí a mọ̀ lónìí, ohun tí wọ́n sì hun yìí ni ayálégbé tuntun ń bọ́ sí àárín rẹ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kí a wo ilé

Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni àwọn èjẹ́ǹtì fẹ́ràn láti mú ènìyàn wo ilé, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé, tí àwọn àgbà ti gba ibi iṣẹ́ lọ, tí ojú pópó sì pa rọ́rọ́. Ẹ bá wọn lọ, ẹ wo ohun tí ẹ bá fẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pinnu. Ẹ tún padà lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì láìsí èjẹ́ǹtì, kí ẹ dúró díẹ̀ nítòsí ilé náà. Nígbà náà ni ẹ ó mọ̀ bóyá ilé ọtí wà lẹ́yìn ọgbà, bóyá ìjọ tí ń ṣe ìṣọ́ òru gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjú sí yàrá tí ẹ ó máa sùn, àti bóyá jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń ké lábẹ́ fèrèsé yín gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ni ẹ ń wò, èyí tí wọ́n ti ṣe ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, tàbí ẹ̀gbẹ́ pápá Teslim Balógun tí ó kọjú sí i, tí wọ́n ṣí ní 2007, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe ń rí lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà, nítorí pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà nínú ilé lè má lè gbé ọkọ̀ jáde, ẹni tó wà níta a sì pẹ́ kó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n òjò ni adájọ́ ilé ní Èkó. Oṣù kẹfà ni ó ń le jù lọ, a sì dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ojú pópó wà ní Àgùdà, Ìtirẹ́ àti Ìjẹ̀ṣà, nítòsí àwọn kànáàlì ńlá, tí omi a máa gun dé ẹnu ilẹ̀kùn bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, pàápàá bí àwọn ènìyàn bá ti da ìdọ̀tí dí gọ́tà. Ẹni tí ó bá lè dúró de òjò kí ó tó sanwó, kí ó dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó wo ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí ọ̀dà ti ń bó, bóyá yóò rí ilà tí omi fà síbẹ̀. Kí ó wo ilé àwọn aládùúgbò pẹ̀lú, bóyá wọ́n ti mọ ìdènà bíríkì kékeré sí ẹnu ọ̀nà wọn, torí pé ẹni tí omi kò wọlé rẹ̀ rí kì í mọ ìdènà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tí ń dín in ní ìkóríta, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni omi máa ń dé níbí nígbà òjò?” Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onílé, kò retí kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ èjẹ́ǹtì, bí ó ti rí ni yóò sọ fún yín. Mo ti rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyà ju gbogbo àgírímẹ́ǹtì tí lọ́yà lè tẹ̀ lọ.

Omi àti iná

Ní ọ̀pọ̀ ojú pópó Èkó, omi ẹ̀rọ ìjọba kò ṣe é gbọ́kàn lé. Omi bọ́hò àti ti kànga ni àwọn ilé ń lò, ilé tí kò bá sì ní èyí, ọwọ́ mẹ́ruwà tí ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì kiri ni wọ́n ti ń ra tiwọn. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu pé omi wà. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ní ilé ìdáná àti ní balùwẹ̀, ẹ bu omi náà sínú ike funfun, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Bí ẹ bá bá ohun pupa ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin ni, aṣọ funfun yín ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Èyí tí ó léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ ni omi tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n tí kànga rẹ̀ kò jìnnà sí sọ́kàwéè, nítorí pé àrùn inú omi kì í ní àwọ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú ọgbà, kí ẹ má sì mu omi ilé náà láìsè é títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ tún béèrè ẹni tí ń san owó iná tí ń fa omi sókè sí táǹkì, ìgbà tí wọ́n ń fà á, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ yìí ni ìjà tó pọ̀ jù nínú ilé onífúláàtì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti iná, àwọn ènìyàn ṣì ń pè é ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lára àjọ náà. Ilé-iṣẹ́ Eko Electricity ni ó ń pín in fún Sùúrùlérè báyìí. Wọ́n pín àwọn ojú pópó sí ipele láti A dé E. Ipele A yẹ kí ó ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, nígbà tí E ní 4. Owó ipele A sì ti ga ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Nítorí náà, ilé méjì tí owó wọn dọ́gba lè má dọ́gba rárá nígbà tí oṣù bá parí. Ẹ béèrè ipele tí ojú pópó náà wà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò pẹ̀lú, torí pé ohun tó wà lórí ìwé àti ohun tó wà nínú gílóòbù kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo mítà: ó yẹ kí fúláàtì yín ní tirẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ẹ̀yin àti ará ìsàlẹ̀ ni ẹ jọ ń lo ẹyọ kan. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ fi nọ́ńbà mítà náà ra káàdì iná kékeré kan kí ẹ rí i bóyá nọ́ńbà 20 tí wọ́n fún yín yóò wọlé sínú mítà, nítorí pé bí ayálégbé àná bá fi gbèsè sílẹ̀ lórí mítà, orí yín ni yóò já sí.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò lóòórùn, tí kò sì láwọ̀, òun ni ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ kò gbọdọ̀ tàn án nínú ilé ìdáná, ní kọ́rídọ̀, tàbí ní bálíkónì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí yàrá. Bí ilé náà kò bá sì ní ibi gbangba tí ó jìnnà sí fèrèsé gbogbo ènìyàn, ẹ fi ti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá batìrì àti ínfátà. Kí ẹ sì gbé sílíńdà gáàsì síta ilé ìdáná; ẹ máa fi ìfófò ọṣẹ sí oríkèé rọ́bà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ń hó ni gáàsì ti ń jò.

Owó àti ìwé

Owó ilé tí wọ́n bá pè fún yín kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ ó san. Kọmíṣọ̀n èjẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì tí lọ́yà ń gbà wà níbẹ̀, owó kọ́ṣọ̀n tí onílé ń fi pamọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí onílé bá pe mílíọ̀nù kan náírà, tí èjẹ́ǹtì àti lọ́yà sì gba ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀, tí kọ́ṣọ̀n náà sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá, a jẹ́ pé ilé mílíọ̀nù kan náírà ti di mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún kí ẹ tó gbé ibùsùn wọlé. Ẹ béèrè àpapọ̀ owó náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, owó ilé nìkan ló kù. Ẹni tó bá ní kí ẹ tún san kọmíṣọ̀n lọ́dún kejì, ẹ bi í pé ilé wo ló tún wá fún yín.

Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kan Sùúrùlérè. Àwọn ibi tí ó yọ sílẹ̀ ni Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ó kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nílé, tó ń san owó lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ, tàbí ti ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Mo mọ̀ pé onílé púpọ̀ ṣì ń béèrè ọdún méjì, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ilé ń há fún lè má lágbára láti bá wọn jà. Síbẹ̀, ó dára kí ènìyàn mọ ibi tí òfin dúró sí, torí pé nígbà mìíràn onílé tí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán létí òfin a máa gbọ́. Òfin kan náà ló ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó, ibi tí ilé wà, àti àkókò tí owó náà kárí. Ẹ má fi àánú tàbí ìtìjú jẹ́ kí èyí lọ. Owó tí kò ní rìsíìtì, bí ẹni tí kò san án ni.

Àwọn gbájú-ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí o. Ọgbọ́n wọn tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gba fúláàtì kan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì fi han ènìyàn mẹ́wàá bí ẹni pé àwọn ni èjẹ́ǹtì onílé, kí wọ́n gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n sì pòórá. Ẹ bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tó fi ìwé yan èjẹ́ǹtì náà; ẹ sanwó sí àsùnwọ̀n tí orúkọ rẹ̀ bá orúkọ onílé mu; ẹ kan ilẹ̀kùn ayálégbé mìíràn nínú ilé náà kí ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Bí ẹ bá tún lè rí ẹni tó fẹ́ kó jáde nínú fúláàtì náà, ẹ béèrè ìdí tó fi ń lọ. Bí ó bá ní iṣẹ́ ló gbé òun lọ sí ìlú mìíràn, ó dára. Bí ó bá wo ọ̀tún wo òsì kó tó dáhùn, ẹ fara balẹ̀ tẹ́tí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ ya àwòrán gbogbo yàrá, gíláàsì tó ti sán, ilẹ̀kùn tí kò tì, àti iye tó wà lórí mítà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí onílé tàbí kíátékà lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ pààrọ̀ àgádágodo pẹ̀lú, torí pé ẹ kò mọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ti wà níta.

Bí a ṣe ń bá àdúgbò gbé

Ẹni tó bá dé ilé tuntun kì í dúró kí àwọn àgbà ilé wá kí òun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní tàbí ọjọ́ kejì, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹrí ba, kí obìnrin kúnlẹ̀ níbi tí ó yẹ, kí ẹ sì sọ pé, “Ẹ káalẹ́ mà, àwa la kó wá sí fúláàtì òkè. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ó máa pè yín?” Wọ́n á dá yín lóhùn pé Ìyá Kúnlé, tàbí Alhaja, tàbí Bàbá Ìbejì, orúkọ tí wọ́n bá sì fi lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ máa pè wọ́n, ẹni tó bá jù yín lọ díẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n tàbí Àǹtí, ọmọdé tó bá sì kí yín, ẹ bá a ṣeré díẹ̀, kí ẹ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwọn kan tí wọ́n kàwé, tí wọ́n ti gbé òkè òkun, ka gbogbo èyí sí àṣejù. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí páìpù bá bẹ́ nígbà tí ẹ wà níbi iṣẹ́, Ìyá Kúnlé ni yóò pe yín lórí fóònù, lọ́jọ́ tí ẹni tí a kò mọ̀ rí bá ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yín, Bàbá Ìbejì ni yóò ké sí i láti ìsàlẹ̀ pé, “Ta lò ń wá?” Kò sí ilé-iṣẹ́ aṣọ́lé tí owó rẹ̀ lè ra irú ojú bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ní ìpàdé ayálégbé, àdúgbò náà sì ní ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tí ń gba owó ọlọ́dẹ, owó gọ́tà àti owó géètì. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó kó wọlé, ẹ máa san án lásìkò, kí ẹ sì máa yọjú sí ìpàdé, nítorí pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń bù fún. Géètì ojú pópó púpọ̀ a máa tì lóru. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un pẹ́, kí ó lọ mọ ọlọ́dẹ, kí ọlọ́dẹ náà sì mọ̀ ọ́n. Ìdọ̀tí ilé náà ní ètò tirẹ̀: ọkọ̀ PSP tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ LAWMA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní Èkó, ni ó ń kó o, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń wá àti ẹni tí ìwé owó wọn ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì dà á sí kànáàlì láé, torí pé ọ̀rá tí ẹ bá jù síbẹ̀ ní oṣù kejì yóò bá omi padà wọlé ní oṣù kẹfà.

Ariwo ni ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀ tàbí kí ó pa á. Ẹ má lọ bá aládùúgbò nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, tí àlejò rẹ̀ sì jókòó tì í. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kí ẹ tó sọ pé ọmọ yín kò sùn, tàbí pé ẹ ní iṣẹ́ àárọ̀. Bí ó bá jù yín lọ, ẹ rán àgbà ilé sí i. Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà ni kí ẹ tó ronú kan LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin rẹ̀ fi òdiwọ̀n sí ariwo ní agbègbè ilé gbígbé, tí ti òru sì kéré sí ti ọ̀sán. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí, ẹ sọ fún àwọn ará ilé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi kánópì dí ojú pópó, ẹ pa orin nígbà tí ẹ bá ní ẹ ó pa á, kí ẹ sì gbé jọ̀ọ́fù dé ilẹ̀kùn gbogbo wọn. Ẹni tó jẹ nínú àríyá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ìrìn àti oúnjẹ

Ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè. Ìjọba ti fòfin dè é níbẹ̀ àti ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọkọ̀ tí a bá mú ni wọ́n ń gbà, èrò rẹ̀ náà kò sì bọ́ nínú wàhálà. Kẹ̀kẹ́ Marwa ni yóò gbé yín nínú àdúgbò, dáńfò ni yóò sì gbé yín jáde láti Ojúẹlẹ́gba. Ẹ mú ṣéńjì dání, torí kọ̀ńdọ́kítọ̀ á ti kígbe rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó ń lọ sí Marina ní ọ̀nà kan tí ó dára jù: ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, a máa dúró ní Òrílé Ìgànmú àti ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìṣeré àpapọ̀ tí a ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí. Káàdì Cowry ni a fi ń wọ̀ ọ́. Ilé tí ẹsẹ̀ lè gbé dé ọ̀kan nínú ibùdókọ̀ wọ̀nyí yẹ kí owó rẹ̀ wọ́n ju èyí tó jìnnà lọ, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ san án.

Nípa ti oúnjẹ, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ àmàlà agbègbè Shitta kí ẹ tó máa wá tibòmíràn.

Ẹni tí ń gbé fún ìgbà kúkúrú

Àwọn tí wọ́n ń ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bọ̀ wá ṣọdún nínú oṣù kejìlá kì í wá ilé ọdún kan. Shortlet ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ tètè gbà á, torí owó rẹ̀ a máa fò sókè ní àsìkò yẹn. Ohun tí ẹ ó béèrè kò pọ̀: ta ni ń san owó iná àti ti dísẹ́lì, ìgbà wo ni a ń tan jẹnẹrétọ̀, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí ẹ bá lọ ni kọ́ṣọ̀n yóò padà, ènìyàn mélòó ló sì lè sùn níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ará ilé tó kù níbẹ̀ kò wá ṣọdún. Ọjọ́ Ajé ni tiwọn, wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún àárọ̀. Àlejò tó bá kí wọn lórí àtẹ̀gùn, tí kò sì gbé àríyá wọlé láìgbàṣẹ, wọn yóò ṣe é bí ọmọ ilé.

Ìgbà tí a bá ń kó jáde

Bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ọ̀tọ̀, òfin 2011 ní kí a fún ayálégbé olóṣooṣù ní ìwé ìfitónilétí oṣù kan, kí a sì fún ti ọlọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà sì ni ilé ẹjọ́. Onílé tí ó bá yọ òrùlé tàbí tí ó fi tipátipá lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́ ti ṣẹ̀ sófin. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bá a wọ̀yá ìjà; ẹ lọ sí Citizens’ Mediation Centre ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu parí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láìgba owó. Ẹ mú rìsíìtì àti àgírímẹ́ǹtì lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń lọ fúnra yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí onílé ní àkókò tí àgírímẹ́ǹtì sọ, ẹ san owó omi àti owó ìdọ̀tí tó bá kù, ẹ kùn ibi tí ìṣó yín ti lu ògiri, kí ẹ sì pe kíátékà wá kí ẹ jọ fi àwòrán ọjọ́ ìwọlé wo yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye tó wà lórí mítà sílẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó kọ ọjọ́ tí kọ́ṣọ̀n yín yóò padà sínú ìwé náà. Kí ọkọ̀ ẹrù sì tó gbéra, ẹ yà kí àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ fún Ìyá Kúnlé, nítorí lẹ́tà yín yóò ṣì máa dé ibẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan.